Ní Yeoville, Ilé ni Ṣọ́ọ̀bù, Ṣọ́ọ̀bù ni Ilé

Àdúgbò tí a fẹ́ bẹ̀ wò lóṣù yìí kò sí nítòsí. Ó wà ní Johannesburg, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, Yeoville ni wọ́n ń pè é. Ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú yín ní ọmọ, àbúrò tàbí àna níbẹ̀, tí ẹ ń gbọ́ orúkọ náà lórí fóònù láìmọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Èmi náà wà lára irú wọn títí di àárọ̀ Sátidé kan tí àbúrò mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, pè mí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n kó jáde nílé, bẹ́ẹ̀ mo ti sanwó."

Mo ní, "Ta ló ní kí o kó jáde?"

"Onílé ni."

"Ṣé kì í ṣe onílé lo sanwó fún?"

Ó dákẹ́. Nígbà tó yá ló wá sọ ọ́ jáde: "Ẹni tí mo sanwó fún kọ́ ló ni ilé, ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni."

Nígbà tí mo dé Yeoville fúnra mi ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àbúrò mi nìkan, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ó ti pẹ́ ní àdúgbò yẹn tí ẹni tó ń sùn nínú ilé ti yàtọ̀ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀.

Ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà nínú ilẹ̀ ibẹ̀, tí Johannesburg sì bẹ̀rẹ̀ bí àgọ́ àwọn awakùsà. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní 1890, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Thomas Yeo Sherwell gé ilẹ̀ tà lórí òkè tó wà lápá àríwá ìlà-oòrùn ìlú. Bí wọ́n ṣe polówó ilẹ̀ náà ni pé atẹ́gùn orí òkè mọ́, pé ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn olówó máa gbé kí èéfín àti eruku ìwakùsà má baà bá wọn. Àwọn olówó gbọ́, wọn ò wá. Parktown ni wọ́n gbà lọ ní tiwọn. Àwọn tó wá sí Yeoville ni oníṣòwò kékeré, oníṣẹ́ ọwọ́, akọ̀wé, àwọn tó fẹ́ ní òrùlé lórí àmọ́ tí àpò wọn ò wúwo.

Àwọn Júù náà dé, àwọn tó ti Lithuania àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní ìlà-oòrùn Yúróòpù sá wá nítorí ìyà àti òṣì. Ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ gbé ní Doornfontein nísàlẹ̀ òkè, nígbà tí nǹkan sì ṣẹnuure díẹ̀, wọ́n gòkè wá sí Yeoville. Wọ́n kọ́ sínágọ́gù, wọ́n ṣí ilé búrẹ́dì àti ilé ẹran sí ojú títì Raleigh àti Rockey. Ojú títì kan náà ni, ó kàn yí orúkọ padà láàárín ọ̀nà ni. Àwọn fúláàtì alájà mẹ́ta mẹ́rin hù láàárín àwọn ilé ilẹ̀, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, èèyàn lókè. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwa aláwọ̀ dúdú la kó ọjà wọ àárín ilé ní Yeoville, ẹ sọ fún un pé a bá a níbẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní kí èèyàn dúdú má gbé àárín ìlú, èèyàn dúdú ń gbé Yeoville. Lórí òrùlé ni. Àwọn tó kọ́ fúláàtì kọ́ àwọn yàrá kéékèèké sí òkè téńté fún àwọn tó ń gbálẹ̀, tó ń fọṣọ, tó ń tọ́jú ọmọ fún àwọn òyìnbó tó wà nísàlẹ̀. Johnny Clegg, olórin òyìnbó tó kú ní 2019, ọmọ tó ń dàgbà ní Yeoville ni nígbà tó pàdé Charlie Mzila, ọmọ Zulu kan tó ń tọ́jú fúláàtì, tó sì mọ gìtá ta dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ orin àti ijó Zulu tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Mo sọ ìtàn yìí fún Ìyá Ìbejì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò rí i pé ìlànà kan náà ni wọ́n ń lò títí di òní. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ la máa ń wà níbi tí ojú ò tó."

Òfin tó pín ibùgbé ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ṣe ní 1950, kò kúrò nílẹ̀ títí di 1991. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn èèyàn dúdú, àwọn ará Índíà àti àwọn tí àwọ̀ wọn dà pọ̀ ti ń wọ ilé ní Hillbrow, Berea àti àyíká wọn. Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ wọn dá ni pé wọ́n á wá òyìnbó kan tó máa bá wọn fọwọ́ sí ìwé. Orúkọ òyìnbó lórí ìwé, èèyàn dúdú nínú yàrá. Onílé mọ̀. Á dákẹ́, á sì bu owó lé owó ilé, nítorí ó mọ̀ pé ayálégbé tó ń fara pamọ́ fún òfin kò lè lọ fi òun sùn nílé ẹjọ́. Bí omi bá ń jò, kó gbé korobá sí i. Bí ẹ̀rọ agbéniròkè bá bàjẹ́, kó fẹsẹ̀ gùn ún.

Ní 1982, ẹjọ́ obìnrin Índíà kan dé iwájú adájọ́ Richard Goldstone. Wọ́n ti dá obìnrin náà lẹ́bi pé ó ń gbé níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó, wọ́n sì ti pàṣẹ kó kó jáde. Adájọ́ wo òfin náà dáadáa, ó ní kò sí ibi tó ti sọ pé lílé jáde pọn dandan, pé ó yẹ kí ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ní ibòmíràn tó lè forí pamọ́ sí. Láti ìgbà náà ló ti ṣòro gan-an fún ìjọba láti fi òfin yẹn lé èèyàn jáde nínú ilé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Lẹ́yìn 1991, ọ̀pọ̀ òyìnbó kó lọ sí àwọn àdúgbò apá àríwá. Àwọn báńkì ò sì fẹ́ yá èèyàn lówó ra ilé ní Yeoville àti àwọn àdúgbò tó yí i ká mọ́. Owó oṣù rẹ ì báà dáa, iṣẹ́ rẹ ì báà fìdí múlẹ̀, àdúgbò tí o dárúkọ ni wọ́n á wò, wọ́n á ní rárá. Èmi gbà pé ohun tí báńkì ṣe yìí ba Yeoville jẹ́ ju ohunkóhun tí àjèjì kankan ṣe lọ. Ilé tí onílé ò lè tà, tí kò sì fẹ́ gbé mọ́, yàrá yàrá ni yóò fi gbowó. Pálọ̀ á di yàrá méjì. Gáréèjì á di yàrá. Àwọn ará Kóńgò, Zimbabwe, Kamẹrúùnù, Màláwì, Ethiópíà àti Nàìjíríà dé, wọ́n bá yàrá nílẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́.

Báyìí ni ibẹ̀ ṣe rí nígbà tí mo débẹ̀. Láti àárín ìlú, kí ẹ tó dé Yeoville, ẹ máa kọ́kọ́ rí Ponte City ní Berea, ilé rìbìtì alájà 54 tí wọ́n parí ní 1975, tí àárín rẹ̀ ṣófo bí ọpọ́n ayò tí wọ́n lu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọjá rẹ̀, ẹ gòkè, ojú títì Raleigh á ṣí sílẹ̀ fún yín. Ilé ìkàwé wà níbẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá wà níbẹ̀, odò ìlùwẹ̀ẹ́ ìjọba náà wà níbẹ̀. Ìyókù, ọjà ni. Ilé tó yẹ kó jẹ́ ilé gbígbé, wọ́n ti ya ojú fèrèsé rẹ̀ sí títì, wọ́n ń ta búrẹ́dì, ṣúgà àti káàdì fóònù láti ibẹ̀. Aránṣọ gbé máṣíìnì rẹ̀ sí fàráńdà. Onídìrí gbé àga mẹ́ta sí gáréèjì. Ṣọ́ọ̀ṣì ń lo gbọ̀ngàn nísàlẹ̀, àwọn ayálégbé sì ń sá aṣọ lókè, tí omi aṣọ ń kán sórí àwọn tó ń lọ jọ́sìn.

Ẹni tó bá mọ Mushin tàbí Òkè-Adó kò ní fi ìka rẹ̀ yí irun rò ó. Ilé tí bàbá wa gbé dàgbà, ṣọ́ọ̀bù ìyá àgbà ló wà níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń sùn. Bí oníbàárà bá kànlẹ̀kùn ní agogo mẹ́wàá alẹ́ pé òun fẹ́ ra kẹrosíìnì, ọmọ tó bá jí ló máa dìde tà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó ya àwòrán Johannesburg kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé gbígbé lọ́tọ̀, ilé ìtajà lọ́tọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ọ̀kan di ìkejì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìlú. Gbígba àṣẹ náà gba owó, ó gba ìwé, ìwé sì gba pé kí ilé jẹ́ tìrẹ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ò gbà á.

Ọjà Yeoville wà nínú ọgbà kan lójú Rockey. Ìjọba ìlú ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1990 kí àwọn tó ń pàtẹ lójú títì lè wọlé síbẹ̀. Àwọn kan wọlé, àwọn kan ṣì wà níta títí di òní, nítorí oníbàárà kì í wá ẹni tí kò rí. Nínú ọjà náà, mo rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, iṣu, epo pupa, ẹja gbígbẹ, ewé gbágùúdá tí àwọn ará Kóńgò fi ń se ọbẹ̀, àti kòkòrò mopane tí àwọn ará Zimbabwe ń jẹ. Ẹ má yínmú, àwa náà ń jẹ èsúnsún. Obìnrin kan ń fi èdè Faransé nájà, ẹni tó ń tajà ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, ìka ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí Ìyá Ìbejì wá béèrè iye owó gààrí, ẹni tó dá a lóhùn fi Yorùbá Ìjẹ̀bú kí wa pé ẹ kú àbọ̀. Inú mi dùn títí mo fi ra gààrí tí mi ò nílò.

Lọ́jọ́ Sunday, ó mú mi lọ wo àwọn tó ń gbàdúrà lórí òkè. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n fi òkúta ṣe àmì yíká ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ṣàtẹ́wọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rò pé àwọn Sẹ̀lẹ́ wa ni. Ìyá Ìbejì ní rárá, ìjọ àwọn ará ibẹ̀ àti ti Zimbabwe ni. Kò sí yàrá fún wọn nísàlẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n gòkè lọ, tàbí bóyá òkè gan-an ni wọ́n fẹ́. Èmi ò bi wọ́n léèrè.

Ó yẹ kí n wá sọ bí Ìyá Ìbejì ṣe rí yàrá rẹ̀. Ní Yeoville, ara ògiri àti òpó iná ni àwọn èèyàn ń lẹ ìkéde mọ́. Mo dúró ka díẹ̀ nínú wọn. "Yàrá kan, obìnrin nìkan." "Ibùsùn kan nínú pálọ̀, ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́." "Bàkóní, ẹni kan ṣoṣo." Bẹ́ẹ̀ ni o, bàkóní. Ní 2010, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Terry Kurgan gbé iṣẹ́ kan tó pè ní Hotel Yeoville kalẹ̀ nínú ilé ìkàwé Raleigh, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ti lè ya fọ́tò ara rẹ̀, kó sì sọ ìtàn bí òun ṣe dé ibẹ̀. Lójú tèmi, orúkọ tó fún un bá a mu. Àdúgbò náà rí bí hòtẹ́ẹ̀lì tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín.

Ìkéde bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi rí. Ó pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ wá, ó fi yàrá iwájú ilé kan hàn án. Yàrá náà fẹ̀, ó kọjú sí títì, ohun tó ń wá gan-an ni. Ó san owó oṣù kìíní, ó san owó ìdógò, ó sì fi aṣọ ìkélé dá yàrá sí méjì. Apá iwájú ni ó ti ń dirí, tó sì to gààrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà sí ara ògiri. Ẹ̀yìn aṣọ ni òun àti àwọn ìbejì ń sùn. Bí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀ jù, àwọn ọmọ a máa dáhùn láti ẹ̀yìn aṣọ. Oṣù méje ló fi sanwó fún ọkùnrin yẹn lọ́wọ́, láìgba rìsíìtì. Ní oṣù kẹjọ, ẹni tó ni ilé ní tòótọ́ dé. Owó tí ọkùnrin yẹn ń gbà, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìkéde kò lọ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo bínú sí àbúrò mi. Mo ní, "Ìwọ tí o kàwé, báwo lo ṣe máa sanwó oṣù méje láìgba ìwé?" Èsì tó fún mi ni pé ilé tí wọ́n ti ń fúnni ní ìwé, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ìwé owó oṣù mẹ́ta láti báńkì, wọ́n á béèrè ibi iṣẹ́, wọ́n á sì ní kó má dirí nínú yàrá. Ibi tó ti lè sùn kó sì tún jẹun láti ibi tó sùn sí, kò sí ìwé níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́nu mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ òfin ti wúlò nìyí. Nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1996, wọ́n kọ ọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ lé ẹnikẹ́ni jáde nínú ilé tó ń gbé láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ ti gbé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, tó sì pàṣẹ. Ẹ ó rí i pé ohun tí adájọ́ 1982 sọ nìyẹn, ó wá di ti gbogbo ènìyàn. Èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán. Ní Berea, tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Yeoville, ìjọba ìlú fẹ́ kó àwọn tó ń gbé ilé kan ní 51 Olivia Road jáde pé ilé náà léwu. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ òfin ìpìlẹ̀. Ní oṣù Kejì 2008, ilé ẹjọ́ náà ní kí ìjọba tó lé èèyàn tó lè di aláìnílé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ ní tòótọ́. Ní oṣù Kejìlá 2011, ilé ẹjọ́ kan náà dájọ́ lórí ilé kan ní Saratoga Avenue, ní Berea yìí kan náà, tí èèyàn 86 ń gbé. Ó ní ẹni tó ni ilé lè gba ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ìlú gbọ́dọ̀ wá ibi tí àwọn èèyàn náà máa forí pamọ́ sí fún ìgbà díẹ̀. Ilé ẹjọ́ yẹn fúnra rẹ̀, orí ilẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí wọ́n ti ti Gandhi àti Mandela mọ́lé rí ló wà, ní òkè Constitution Hill lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hillbrow.

Mo ń ka èyí, ọkàn mi sì lọ sí Maroko. Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó ní oṣù Keje 1990 rántí. Ọjọ́ méje ni ìjọba ológun fún wọn, kátakátá sì wọlé. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn, ìyẹn 300,000, ló di aláìnílé. Kò sí adájọ́ kankan tó kọ́kọ́ bi wọ́n pé níbo ni ẹ máa sùn lálẹ́ òní.

Nítorí náà, mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé kó má kó jáde, kó lọ bá onílé sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òfin ilé yíyá ti 1999 ní ibẹ̀ sọ pé onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì, pé owó ìdógò gbọ́dọ̀ wà ní báńkì níbi tó ti ń lé sí i, kó sì padà sọ́wọ́ ayálégbé tòun ti èlé rẹ̀ bí kò bá ba nǹkan jẹ́. Ìgbìmọ̀ kan tún wà tí ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín onílé àti ayálégbé ní ìpínlẹ̀ Gauteng, wọn kì í gba owó. Ohun tó dùn mí jù ni èyí: ẹnikẹ́ni lè lọ san owó díẹ̀ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ onílé sílẹ̀, kó sì béèrè orúkọ ẹni tó ni ilé kan kó tó náwó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn. Owó díẹ̀ yẹn kò tó owó oṣù méje.

Ṣùgbọ́n òfin ò lè ṣe ohun gbogbo. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2023, iná jó ilé kan ní Albert Street ní Marshalltown, láàárín ìlú Johannesburg. Èèyàn tó lé ní 70 ló kú. Ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ló ni ilé náà. Nígbà ayé ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn dúdú ti ń tò gba ìwé tí wọ́n fi lè rìn láàárín ìlú. Àwọn tó gbé inú rẹ̀ lẹ́yìn náà fi páálí, pákó àti aṣọ ìkélé dá a sí yàrá yàrá. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìròyìn yẹn, aṣọ ìkélé àbúrò mi kò fi mí lọ́kàn sílẹ̀. Mo ní kó gbé sítóòfù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti gbé e.

Ẹ̀rù kejì kò ṣe é gbé kúrò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2008, rògbòdìyàn lòdì sí àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ ní Alexandra, ó tàn káàkiri, èèyàn tó lé ní 60 kú, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà wà lára wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, ó tún ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ òfurufú Air Peace sì gbé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ padà wálé wá sí Èkó. Ìyá Ìbejì kò wọ ọkọ̀ náà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní aládùúgbò òun, ìyá Zulu kan tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ló sọ fún òun pé kí òun ti ilẹ̀kùn, kí òun má ṣí i títí òun yóò fi kàn án. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá náà fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ní àdúgbò tí ilé gbígbé bá wà lọ́tọ̀ tí ọjà wà lọ́tọ̀, ta ni ì bá jókòó síbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ kọjá nínú ìwé ìròyìn tó jẹ́ ti ẹbí. Nígbà kan, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń lé ọmọ padà nítorí pé ìwé òbí rẹ̀ kò pé. Ní oṣù Kejìlá 2019, ilé ẹjọ́ gíga ní Makhanda dájọ́ pé ọmọ tí kò ní ìwé, ì báà jẹ́ ọmọ àjèjì, kò gbọdọ̀ tìtorí bẹ́ẹ̀ jókòó sílé. Àwọn ìbejì ti wà ní ilé ìwé báyìí. Táíwò ń sọ Zulu débi pé òun ló ń bá ìyá rẹ̀ nájà. Kẹ́hìndé kì í sọ Yorùbá bí kò bá bínú.

Ìyá Ìbejì àti onílé sọ̀rọ̀. Ó gbà pé owó oṣù méje náà kò lè padà, obìnrin náà sì gbà pé òun kò ní lé e. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ìwé tuntun, kó máa san owó sí báńkì, kí ìwé náà sì sọ ọ́ ní kedere pé ó lè dirí nínú yàrá iwájú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Mo fi ojú wá orúkọ rẹ̀. Mo rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbàgbé lẹ́tà méjì nínú rẹ̀, ó di orúkọ ẹlòmíràn.

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i kí ẹ tó pè. Mo ti mú un padà lọ. Wọ́n ní kí n wá gbà á ní ọjọ́ Ajé."